Àmín fún Ẹsẹ Kẹsàn-án

“Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ebi ọ̀sán pa wá o,” ni Làmídì wí, ó sì gbójú sókè wo ògiri.

“Àmín!” Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ láàárín àga ni wọ́n dáhùn. Wọn kò dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, wọn kò sì wo ojú ẹni tó ń ṣàdúrà. Ògiri iwájú gbọ̀ngàn tàn yòò, ó di àwọ̀ ewé.

“Kí iná ibí yìí kú lónìí, kí ooru yan gbogbo wa jinná.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló ń ṣe bọ̀dá yìí ná?” Ọ̀kan nínú wọn yí ọwọ́ po lórí, ó ta ibi náà dànù sẹ́yìn. Ògiri yí padà, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

Làmídì, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbọ̀ngàn, tó sì ń dán an wò, bú sẹ́rìn-ín. “Mààmá, Etí Ìlú ń gbọ́ o. Ó ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.”

“Ó dáa,” ni Ìbídùnní fèsì láti orí pèpéle. Ó ti bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tó ti wú sórí àpótí kan, kò sì ní i lọ́kàn láti gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn.

Òun ni Olóhùn Gbọ̀ngàn ní ìlú Àtúntẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, bí kò bá sọ̀rọ̀, Etí Ìlú, ẹ̀rọ tó ń ka ìbò, kò lè là. Bí kò bá sì ṣe àdúrà ìparí, kò lè padé. Láti ọdún tí wọ́n ti dáná sun àpótí ìbò pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kò sí ará Àtúntẹ̀ kan tó tún fẹ́ fọwọ́ kan bébà ìdìbò. Ohùn ni ìbò wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ oníkálukú ló ń sọ fún Etí pé ohùn lágbájá ni èyí, kò sì sí ẹni tó lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì àfi ẹni tó bá ní ọ̀fun méjì.

Nígbà tí àwọn ẹnjiníà fẹ́ kọ́ Etí lédè, ọ̀dọ̀ Ìbídùnní ni wọ́n wá jókòó sí. Wọ́n bi í pé báwo ni àwọn èèyàn yín ṣe ń gbà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ̀. Ó ní àwọn èèyàn òun kì í sábà la bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́ àgbà lójú. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n lè ní “hẹn,” wọ́n lè ní “àṣẹ,” wọ́n lè ní “àmín.” Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ibi náà kọjá lọ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé ẹ̀rọ tó bá gbọ́ Yorùbá dénú ni yóò gba àwọn lọ́wọ́ olóṣèlú. Ṣé ẹ rí i, èèyàn a máa rò.

Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ Kẹsàn-án inú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni wọ́n fẹ́ sọ lónìí, ìgbà kẹrin sì nìyí. Ẹsẹ náà kò gùn. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé láìjẹ́ kí adájọ́ rí i, láìjẹ́ kí ẹbí rẹ̀ mọ ibi tó wà. Ìjọba ti ní kí ìlú yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìlú ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti sọ ọ̀nà iléèwé di ọ̀nà oko ẹrú, ojú gbogbo èèyàn sì ti pọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Ìbídùnní kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi yàn án nìyẹn. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ wà ní Ilé Ìsinmi. Orúkọ tí ìjọba fún ibẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í sinmi. Ayọ̀kànmí kò jalè, kò pànìyàn. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri iléeṣẹ́ omi pé, “Ẹ ṣí omi fún àwọn ará Ìsàlẹ̀.” Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ dé ẹnu géètì, àràárọ̀ sì ni ẹ̀rọ géètì ń sọ fún un pẹ̀lú ohùn dídùn pé orúkọ yẹn kò sí níbí. Ó ka Ẹsẹ Kẹsàn-án sí i létí. Ẹ̀rọ náà ní kí ó ní sùúrù, ìlú kò tíì pinnu lórí ẹsẹ yẹn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Ọnọrébù Dúródọlá wọlé. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sílẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ àwọn olóṣèlú, èyí tí ọwọ́ kì í dé ilẹ̀.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀, Àǹtí Ìbídùn.”

“Dúró, o káàbọ̀.”

Ìlú ń pè é ní Ọnọrébù, ṣùgbọ́n Ìbídùnní ti mọ̀ ọ́n kí ikùn rẹ̀ tó yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tí ìjọba ìgbà yẹn gbé e jù sínú àhámọ́ tí kò ti rí oòrùn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà àfi Ìbídùnní, tó fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá géètì kan dé òmíràn títí wọ́dà kan fi ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí Dúródọlá jáde, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ Ẹsẹ Kẹsàn-án. Ó ní kí irú rẹ̀ má ṣe ẹlòmíràn mọ́. Òun náà ló gbé e wá lónìí pé kí wọ́n fà á ya.

“Mo ti bá yín gbé àdúrà ìparí kalẹ̀,” ni ó wí, ó sì fa àga sún mọ́ ọn. “Ẹ gbọ́ ọ: ‘Ọlọ́run á dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ohunkóhun dí àwọn tó ń ṣọ́ wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe Ẹsẹ Kẹsàn-án.’ Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìbídùnní wò ó títí. “Wọ́n á ti ṣe àmín kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe àmín sí.”

“Òfin gbà á, Àǹtí. Àtúnṣe ọdún tó kọjá ní a lè bi ìlú ní ìbéèrè ní ọ̀nà yòówù tó bá àṣà mu. Kí ló tún bá àṣà mu ju àdúrà lọ? Ẹ ṣáà rí i pé ẹ dárúkọ Ẹsẹ náà. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, Etí kò ní ka ohùn wọn.”

“O ò lè bi wọ́n lójúkojú?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti bi wọ́n lójúkojú. Ó ti sú mi.” Ó fọwọ́ nu ojú. Ó sú u lóòótọ́, ẹni tó bá rí i yóò mọ̀. “Ṣé ẹ mọ iye ìyá tó ń wá sunkún ní ọ́fíìsì mi? Wọ́n ní òfin tí mo kọ ló ń dá gbọ́mọgbọ́mọ sílẹ̀. Bí n kò bá fà á ya, ẹlòmíràn á fà á ya, á sì gba àga mi mọ́ ọn.”

“Àga rẹ wá ni ọ̀rọ̀ náà.”

“Àga mi wà níbẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Ẹkún àwọn ìyá yẹn náà wà níbẹ̀. Èmi gan-an kò mọ èyí tó pọ̀ jù mọ́.”

Dúródọlá ká apá agbádá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Àwòrán kékeré kan ń tàn lórí rẹ̀, ojú Ayọ̀kànmí sì ni.

“Yàrá kejì ló wà, níhà ìlà oòrùn. Ara rẹ̀ le. Àṣẹ ìtúsílẹ̀ rẹ̀ rèé. Bí ìlú bá ti ṣe àmín báyìí, màá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó dé ẹnu géètì, á ti jáde.”

Ara rẹ̀ le. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọmọ náà, kò tíì sí ẹni tó sọ fún Ìbídùnní pé ó wà láàyè. Ayọ̀ kọ lù ú débi pé ó ní láti di apá àga mú, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń yọ̀ níwájú ọkùnrin yìí.

“Ẹ rò ó, Àǹtí,” ni Dúródọlá wí, ó sì dìde. “Àdúrà ni. Èèyàn kì í ṣẹ̀ nípa àdúrà.”

Ìgbà tó ṣe díẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Ooru mú. Àwọn tó bá ìjọba ṣe jókòó ní ọ̀tún, àwọn tí kò bá a ṣe jókòó ní òsì, àwọn tí wọ́n kàn fẹ́ kí ó parí kí wọ́n lè padà sídìí iṣẹ́ wọn sì pọ̀ ní àárín ju méjèèjì lọ.

Bàbá kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Jogbo, nítorí ẹnu rẹ̀ tó korò, ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ kú ìjókòó o. Tèmi kò pọ̀. Ẹnìkan wá bá mi nílé, ó ní olè ti pọ̀ ní àdúgbò, nítorí náà kí n jẹ́ kí òun yọ ilẹ̀kùn ilé mi, kí òun lè máa wọlé wá wò bóyá olè wà níbẹ̀.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. “Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tìrẹ ńkọ́? Ó ní tòun á ṣì wà níbẹ̀ ná. Ọnọrébù, mo bẹ̀ yín, ọmọ wa lẹ fẹ́ ṣọ́ ni àbí àga yín? Ìdìbò ti sún mọ́lé, ẹ kì í sì í rántí ọmọ wa tẹ́lẹ̀.”

“Òótọ́ ni!” ni àwọn ará òsì pariwo.

Dúródọlá dìde pẹ̀lẹ́. “Bàbá mi, mo gbọ́. Ẹ̀tọ́ ọ̀daràn ni ẹ ń sọ láti àárọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ tí wọ́n jí gbé ńkọ́? Ta ni yóò bá wa sọ ìyẹn náà?”

Kí Bàbá Jogbo tó lanu, obìnrin kan ti dìde ní àárín. Kò ga, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

“Ìyá Mọ́fẹ̀ ni mí,” ni ó wí. “Ẹ mọ̀ mí. Ìgbà tí ọmọ mi kò délé, gbogbo yín lẹ bá mi wá a. Wọ́n mú ọkùnrin kan tí wọ́n bá bàtà Mọ́fẹ̀ nínú àpò rẹ̀. Ẹsẹ Kẹsàn-án ní kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́. Adájọ́ ní bàtà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ ní ìdí kànga lọ́jọ́ kan. Ó kí mi, ó ní ẹ káàárọ̀ mà. Mo sì jẹ́ ẹ. Ẹnu mi ti dá a lóhùn kí n tó mọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ẹ bá mi bi òfin yín pé níbo ni ọmọ mi wà.”

Bàbá Jogbo ṣí fìlà, ó sì jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tó dé yìí, ẹni tó bá ní ìdáhùn, irọ́ ló ń pa.

Ìbídùnní ń wo obìnrin náà. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ìyá méjì tí wọn kò mọ ibi tí ọmọ wọn wà ni wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn kan náà, wọ́n sì ti dá wọn sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òun bá ṣe àdúrà Dúródọlá, ọmọ kan á padà sílé, tòun. Obìnrin yìí náà á sì rí nǹkan mú lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ. Ta ni yóò bú òun? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọmọ ẹni kò ní í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn obìnrin yòókù tó ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu géètì láàárọ̀. Wọ́n ti mọ ara wọn. Wọ́n máa ń bá ara wọn di abọ́ mú. Lọ́la òun kò ní í sí láàárín wọn mọ́, wọ́n á sì wà níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á pọ̀ débi tí wọn kò ní lè mọ orúkọ ara wọn.

Agogo lù. Ìbídùnní wọ bàtà, ó dìde.

“Ẹ jẹ́ ká dìde fún àdúrà ìparí.”

Àga dún gìrìgìrì. Etí Ìlú là, ògiri sì funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Dúródọlá dìde pẹ̀lú àwọn èèyàn, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀gbà.

“Ọlọ́run á dáàbò bo àwọn ọmọ wa.”

“Àmín!”

“Ilé wa kò ní í jó, ọ̀nà wa kò ní í dí.”

“Àmín!” Wọ́n ti dijú. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń tún aṣọ ró láti lọ. Ìbídùnní mọ̀ pé ohun yòówù tí òun bá kì sínú àdúrà náà báyìí, wọ́n á gbé e mì. Ó la ẹnu láti sọ èyí tí Dúródọlá kọ́ ọ. Kò wá. Ojú ẹ̀rọ géètì ló ń rí, àti abọ́ oúnjẹ tó ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ló sọ, ní ohùn àdúrà kan náà, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í sí Ẹsẹ Kẹsàn-án mọ́. Wọ́n á wọlé tọ̀ yín, wọ́n á mú ọmọ yín lọ, adájọ́ kankan kò ní í rí i.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Ariwo náà ru sókè láti ọ̀tún, láti òsì, láti àárín. Ojú wọn là. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí po lórí káàkiri gbọ̀ngàn, wọ́n ń ta ibi dànù sẹ́yìn, fìlà ẹlòmíràn ń já bọ́.

“Ẹ ó gbé oúnjẹ dé ẹnu géètì, wọ́n á ní àwọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ó gbé e padà sílé, ẹ kò ní í lè jẹ ẹ́, ẹ kò sì ní í lè dà á nù.”

“Kò ní í rí bẹ́ẹ̀! A ò ní í rí i! Ká má rí i!”

Ògiri pọ́n láti òkè délẹ̀. Ìyá Mọ́fẹ̀ ń yí ọwọ́ po lórí bíi ti gbogbo wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ìbídùnní wo ọ̀gangan Dúródọlá. Ọwọ́ Ọnọrébù ti yí orí rẹ̀ po, ètè rẹ̀ sì ṣì ń mì lórí ọ̀rọ̀ tó ti sọ tán. Ẹ̀gbà tí àwòrán Ayọ̀kànmí wà lára rẹ̀ ti pọ́n kanlẹ̀ bíi ti àwọn tó kù. Ó dá ọwọ́ dúró lókè, ó ń wò ó bí ẹni tí kì í ṣe òun ló ni ín.

“Ọlọ́run tó ń gbọ́ ju Etí lọ yóò gbọ́ tiwa.”

“Àmín,” ni wọ́n wí, èyí sì lọ sílẹ̀. Etí padé. Ọ̀rọ̀ jáde sára ògiri: ẸSẸ KẸSÀN-ÁN DÚRÓ.

Àwọn ará òsì hó. Kò pẹ́ tí ìhó náà fi kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun, tí kò tíì mọ ẹni tó jí òun. Ìyá Mọ́fẹ̀ gba àárín wọn kọjá títí dé ìdí pèpéle.

“Mààmá, ẹ fi ẹnu mi kọ ohun tí mo wá gbà.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ tàn mí.”

“Mo tàn yín,” ni Ìbídùnní wí. “Wọ́n ní kí n tàn yín gba ọ̀nà kan, mo gba ìkejì. N kò rí èyí tí kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀.”

“Ọmọ mi wá ńkọ́?”

Ìbídùnní di ọwọ́ obìnrin náà mú. Ìyá Mọ́fẹ̀ jẹ́ kí ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí gbọ̀ngàn dá, Dúródọlá ló kù, ó jókòó sórí àga àwọn ará àárín.

“Mọ́ínmọ́ín yín ni mo rántí,” ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. “Ẹ dárúkọ géètì, ẹnu mi sì ti sọ ọ́. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kárí ìlú. Ẹni tó gbé òfin wá, tó tún dìbò lòdì sí i.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“N kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ o, Àǹtí. Bí mo bá tú u sílẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n á ní a jọ mọ̀ ọ́n ni.” Ó fi ìka pa àwòrán náà rẹ́. Ìbídùnní wò ó títí ojú ọmọ rẹ̀ fi pòórá lórí ẹ̀gbà. “Ẹsẹ Kẹsàn-án yín dúró. Kí ó lọ mú un jáde fún yín.”

“Ìwọ lo kọ ọ́, Dúró,” ni ó wí. “Ìwọ ni kí o rán an níṣẹ́.”

Ìbídùnní gba ilé kọjá, ó gbé abọ́ tí kò gbé lọ láàárọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé Ilé Ìsinmi. Ẹ̀rọ géètì fi ohùn dídùn rẹ̀ kí i, ó ní orúkọ yẹn kò sí níbí.

“Ẹsẹ Kẹsàn-án dúró,” ni Ìbídùnní sọ fún un.

“Orúkọ yẹn kò sí níbí,” ni ẹ̀rọ náà tún wí.

Ẹ̀ṣọ́ kan yọ jáde láti ẹ̀yìn géètì, ọmọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ti máa ń rí i láàárọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀. “Mààmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A gbọ́ ọ lórí rédíò. Èmi náà pariwo níbí, ọ̀gá mi pariwo.” Ó wo ẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n àṣẹ kò tíì dé. Bóyá lọ́la. Ẹ mọ̀ wọ́n.”

“Mo mọ̀ wọ́n. Yàrá kejì ló wà, níhà ìlà oòrùn.”

Ẹ̀ṣọ́ náà kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na ọwọ́ láàárín irin géètì, ó sì gba abọ́ náà. Kò tíì sí ẹni tó gbà á rí. Ọwọ́ Ìbídùnní ṣófo, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

“Ọlọ́run á mú un jáde fún yín, ìyá.”

Ẹnu Ìbídùnní ti là láti ṣe àmín. Ó pa á dé. Iná kékeré kan wà lókè géètì, ó ń tàn bí ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú àdúrà yẹn?”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo iná, ó wo Ìbídùnní. “Kò sí o, ìyá. Àdúrà nìkan ni.”

“Àmín,” ni Ìbídùnní wí, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹ̀rọ má baà gbọ́.